Omi Tó Mọ́ Lójú, Ṣé Ó Mọ́ Nínú?

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ fà súnmọ́ tòsí, nítorí ọ̀rọ̀ tòní kàn yín gbọ̀ngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Bí ìyá yín bá pọn omi odò wálé nígbà òjò, tí omi náà pọ́n bí ẹrẹ̀, kí ni ó máa ń ṣe sí i? Yóò dà á sínú àmù. Yóò mú álọ́ọ̀mù, òkúta funfun tó dà bí iyọ̀ dídì nì, yóò fi yí inú omi náà ká lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, yóò sì dé e. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹrẹ̀ ti sọ̀ kalẹ̀ sí ìsàlẹ̀, omi òkè sì ti mọ́ gaara, débi pé ènìyàn lè fi ṣe dígí. Inú wa a dùn, a ó ní omi ti mọ́. Ó ti mọ́ lójú lóòótọ́. Ṣé ó ti mọ́ nínú? Àwọn àgbà ní ojú ni a rí, ọ̀rẹ́ kò dé inú. Bí omi náà ṣe rí nìyẹn.

Omi tí n ó fi ṣe àpẹẹrẹ fún yín lónìí kì í ṣe omi mímu. Omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ni, ihò ńlá tí a fi símẹ́ńtì àti táìlì mọ, tí a fa omi sí, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Kí ló dé tí mo fi yan èyí? Odò a máa ṣàn. Ìdọ̀tí tí ẹnì kan bá wẹ̀ sílẹ̀, ìṣàn a gbé e lọ. Ṣùgbọ́n omi adágún kò ní ibi tí yóò lọ. Ohun tí ènìyàn 100 bá gbé wọ inú rẹ̀, ìbáà ṣe òógùn, itọ́, ìpara tàbí eruku ẹsẹ̀, ibẹ̀ ni yóò dúró sí de ẹni tí yóò ṣe ìkọkànlélọ́gọ́rùn-ún. Nítorí náà, ìtàn adágún ìlúwẹ̀ẹ́ jẹ́ ìtàn bí ọmọ ènìyàn ṣe kọ́ láti máa pín omi kan ṣoṣo lò láìpa ara wọn lára.

Ìtàn yìí ti pẹ́. Ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún méjì sẹ́yìn, àwọn ará Róòmù fẹ́ràn ilé ìwẹ̀ ńláńlá. Olówó, tálákà, aláìsàn, gbogbo wọn ló ń bọ́ sínú omi kan náà. Celsus, ẹni tó kọ ìwé nípa ìṣègùn nígbà náà, kìlọ̀ pé kí ẹni tó ní egbò tí kò tíì mọ́ má ṣe lọ sí ilé ìwẹ̀, nítorí omi ibẹ̀ a máa rin egbò, a sì máa sọ ọ́ di ìdọ̀tí títí yóò fi jẹrà. Celsus kò mọ ohunkóhun nípa kòkòrò àrùn. Ohun tí ojú rẹ̀ rí lára àwọn aláìsàn ló sọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá fò wá sí ọdún 1832, kí a sì kọjá sí ìlú Liverpool ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àrùn onígbáméjì wọ ìlú náà lọ́dún yìí, ó sì ń pa àwọn ènìyàn, pàápàá àwọn tálákà tí wọ́n há mọ́ ilé kóńkóló. Obìnrin kan wà níbẹ̀, Kitty Wilkinson ni orúkọ rẹ̀. Ireland ni wọ́n gbé bí i, tálákà sì ni òun náà. Ṣùgbọ́n ní òpópónà tó ń gbé, òun nìkan ló ní ìkòkò ńlá tí a fi ń se omi ìfọṣọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n wá se aṣọ àti aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn wọn níbẹ̀. Wọ́n ń fi ìyẹ̀fun kan sí i, èyí tí àwọn alágbàfọ̀ fi ń sọ aṣọ di funfun. Nígbà náà, àwọn dókítà gan-an gbà pé òórùn burúkú ní ń fa onígbáméjì. Wọn kò tíì mọ kòkòrò tó ń fà á. Síbẹ̀, omi gbígbóná àti ìyẹ̀fun yẹn ń pa kòkòrò náà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ ọ́n lórúkọ.

Ohun tí Kitty Wilkinson ṣe kò parun. Ní ọdún 1842, ìlú Liverpool ṣí ilé ìwẹ̀ àti ìfọṣọ kan fún gbogbo ènìyàn ní òpópónà Frederick. Ní ọdún 1846, wọ́n fi òun àti ọkọ rẹ̀ ṣe alábòójútó ibẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni ilé aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin tó fún àwọn ìlú láyè láti fi owó ìlú kọ́ irú ilé bẹ́ẹ̀. Láìpẹ́, adágún ìlúwẹ̀ẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ káàkiri ibẹ̀.

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti le. Nígbà náà, kò sí ẹ̀rọ tí ń sẹ́ omi adágún, kò sì sí oògùn tí a ń fi sí i. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí wọ́n fa omi tuntun kún un, kí àwọn ènìyàn máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, kí wọ́n tó wá tú u dànù, kí wọ́n fọ inú rẹ̀, kí wọ́n sì fa òmíràn sí i. Omi ọjọ́ kìíní mọ́ gaara. Ní ọjọ́ kejì, ó ti ń ṣú díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ ìkẹyìn, ènìyàn kò lè rí ìsàlẹ̀ mọ́. Ǹjẹ́ ẹ mọ ohun tí àwọn oníṣẹ́ ibẹ̀ ṣe? Wọ́n ń dín owó ìwọlé kù bí omi ṣe ń dọ̀tí sí i! Ọjọ́ omi tuntun ni ọjọ́ ọ̀wọ́n, ọjọ́ omi ìdọ̀tí ni ọjọ́ ọ̀pọ̀. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ lọ lúwẹ̀ẹ́ nínú omi mímọ́. Ọmọ tálákà dúró títí di ọjọ́ ìkẹyìn, ó sì bọ́ sínú ohun tí ọlọ́rọ̀ wẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé ìdọ̀tí nìkan ni ewu tó wà níbẹ̀. Bí omi bá ṣú tí a kò rí ìsàlẹ̀ rẹ̀, bí ọmọdé bá rì, ta ni yóò rí i? Ẹni tí a fi ṣọ́ adágún lè dúró létí rẹ̀ gan-an kí ó má mọ̀ pé ènìyàn wà nísàlẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe rí ojútùú? Ẹ rántí ìyẹ̀fun àwọn alágbàfọ̀. Ohun tó lágbára nínú ìyẹ̀fun náà ni à ń pè ní kilorínì. Onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Sweden, Carl Wilhelm Scheele, ló kọ́kọ́ rí i ní ọdún 1774. Bí a bá yà á sọ́tọ̀, èéfín ni, àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé tó ń pọ́n, òórùn rẹ̀ sì máa ń ta ni nímú. Nǹkan ẹlẹ́rù ni. Ní oṣù kẹrin ọdún 1915, nínú Ogun Àgbáyé Kìíní, àwọn ọmọ ogun Jámánì tú u sílẹ̀ sí àwọn ọ̀tá wọn nítòsí ìlú Ypres ní Belgium, ó sì pa ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi díẹ̀ kínún sínú omi, ohun tí ń pani yìí náà a wá di ohun tí ń gbani. Ìwọ̀n ni gbogbo rẹ̀.

Ní ọdún 1908, dókítà kan, John Leal, ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ tó ń fún ìlú Jersey City ní Amẹ́ríkà ní omi. Ó rí i pé omi náà mọ́ lójú ṣùgbọ́n kò mọ́ nínú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi kilorínì sí omi gbogbo ìlú náà, kò sì kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́. Àwọn kan ń bi í pé ṣé májèlé ni ó fẹ́ fún àwọn ènìyàn mu ni? Leal ṣe àlàyé ìwọ̀n tó ń lò, ilé ẹjọ́ sì gbà pé ọ̀nà náà dára. Láti ibẹ̀ ni ìlú lórí ìlú ti ń tẹ̀ lé e, ibà jẹ̀funjẹ̀fun sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1910, wọ́n dán oògùn yìí wò nínú adágún ìlúwẹ̀ẹ́ Yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà. Ó ṣiṣẹ́.

Wọ́n tún fi ohun kejì kún un, èyí ni asẹ́. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ìyá wa ṣe ń fi asẹ́ sẹ́ ògì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń fa omi jáde láti inú adágún, tí ó ń gbà á kọjá nínú yanrìn, tí ó sì ń dá a padà. Kí yanrìn lè mú ìdọ̀tí wẹ́wẹ́, wọ́n a máa fi álọ́ọ̀mù sí i kí ìdọ̀tí náà lè ṣù pọ̀. Ẹ ò rí i pé ohun tí ìyá yín ń ṣe sí omi àmù kì í ṣe ohun yẹpẹrẹ! Asẹ́ ló ń mú kí omi mọ́ lójú. Kilorínì ló ń mú kí ó mọ́ nínú.

Ṣùgbọ́n ohun kẹta kù, òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í sì í kà sí. Ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan ilé ṣe àlàyé rẹ̀. Ẹ mọ omikan, omi orí ògì tó kan. Ẹ sì mọ omi eérú tí àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú àti àwọn aláró ń lò. Omikan a máa ta ahọ́n. Omi eérú a máa yọ̀ lọ́wọ́, bí ó bá sì le jù, a máa jẹ awọ ara. Ìhà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn méjèèjì wà. Ní ọdún 1909, onímọ̀ kan ní ìlú Copenhagen, Søren Sørensen, ṣe òṣùwọ̀n kan tí a fi lè mọ ibi tí omi kan wà láàárín ìhà méjì yìí. pH ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n náà. Láti 0 títí dé 14 ni a máa ń kà á. Àárín gbùngbùn ni 7. Ohun tó bá kan wà nísàlẹ̀ 7, ohun tó bá dà bí omi eérú wà lókè rẹ̀.

Kí ni èyí kan adágún ìlúwẹ̀ẹ́? Ó kàn án púpọ̀. Agbára kilorínì wà lọ́wọ́ ìwọ̀n yìí. Bí omi bá wà ní 7, bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin kilorínì inú rẹ̀ ló wà ní ìrísí tó lágbára láti pa kòkòrò. Bí ó bá gòkè dé 7.5, ìdajì ló kù. Bí ó bá dé 8, bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni. Oògùn kan náà ni, iye kan náà ni, ṣùgbọ́n omi ti dè é lọ́wọ́. Bí omi bá sì kan jù, yóò máa jẹ irin ẹ̀rọ àti símẹ́ńtì, yóò sì máa ta ni lójú. Ìdí nìyí tí àwọn alábòójútó fi ń tọ́jú omi adágún láàárín 7.2 sí 7.8. Omi ojú wa gan-an wà ní nǹkan bí 7.4.

Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé, ẹ bá mi ṣe ìṣirò díẹ̀. Kilorínì giramu 1 nínú omi lítà 1,000, èyí ni ìwọ̀n tó kéré jù tí ó yẹ kó wà nínú adágún. Adágún ńlá kan gùn ní mítà 50, ó fẹ̀ ní mítà 25, ó sì jìn ní mítà 2. Omi inú rẹ̀ jẹ́ lítà 2,500,000. Kilorínì mélòó ni yóò tó o? Kílò 2 àti ààbọ̀ ni. Ẹ wo bí ohun kékeré ṣe ń ṣọ́ omi ńlá! Ṣùgbọ́n oòrùn a máa jẹ ẹ́, òógùn ènìyàn a máa jẹ ẹ́, ìtọ̀ a sì máa jẹ ẹ́. Nítorí náà, a kò lè fi í sí i lẹ́ẹ̀kan kí a lọ sùn. Ojoojúmọ́ ni a ń wọ̀n ọ́n.

Ó yẹ kí ìmọ̀ yìí mú ìyà ọjọ́ omi ìdọ̀tí kúrò láyé, nítorí omi tí a bá ń sẹ́ tí a sì ń fún ní oògùn kò ní ọjọ́ olówó, kò sì ní ọjọ́ tálákà. Ṣùgbọ́n ọkàn ènìyàn a máa ṣòro ju omi lọ. Ní ìlú Pasadena, ní California, wọ́n ṣí adágún ìlúwẹ̀ẹ́ kan ní ọgbà Brookside ní ọdún 1914. Wọn kò gba àwọn ènìyàn dúdú àti àwọn mìíràn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun láyè láti wọ̀ ọ́, àfi ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀, ọjọ́ Túsìdeè. Lẹ́yìn ọjọ́ náà, wọ́n á tú omi dànù, wọ́n á fọ adágún náà, wọ́n á sì fa omi tuntun sí i fún àwọn aláwọ̀ funfun. Jackie Robinson, ẹni tó di olókìkí nínú bọ́ọ̀lù bésíbọ́ọ̀lù ní 1947, ìlú yẹn ló dàgbà sí. Ẹjọ́ ni àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ fi jà títí ìyàtọ̀ yẹn fi parí. Ẹ bá mi ronú sí i o. Kòkòrò kò mọ àwọ̀, kilorínì kò mọ àwọ̀. Omi tí wọ́n tú dànù kò dọ̀tí ju ti ọjọ́ yòókù lọ. Inú àwọn tó tú u dànù ni ìdọ̀tí wà.

Ìtàn ìkẹyìn tí n ó sọ kò tíì pẹ́. Ní ọdún 2016, ìdíje Òlíńpíìkì wáyé ní ìlú Rio de Janeiro ní Bràsíl. Gbogbo ayé ń wò ó. Lọ́jọ́ 9 oṣù kẹjọ, omi adágún tí àwọn eléré ti ń bẹ́ sómi láti òkè ṣàdédé di àwọ̀ ewé. Láìpẹ́, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Àwọn tó ń bẹ́ sínú rẹ̀ kò rí ara wọn lábẹ́ omi mọ́. Kí ló ṣẹlẹ̀? Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, àwọn aláṣẹ ṣe àlàyé. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà, ẹnì kan ti da oògùn mìíràn sínú omi tí kilorínì wà nínú rẹ̀. Hydrogen peroxide ni oògùn náà, irú èyí tí àwọn nọ́ọ̀sì fi ń fọ egbò, tí í máa hó yèè.

Oògùn rere ni hydrogen peroxide. Oògùn rere ni kilorínì. Ṣùgbọ́n àgbò méjì kì í mu omi nínú igbá kan. Bí àwọn méjèèjì bá pàdé, wọ́n á pa agbára ara wọn. Bí kilorínì ṣe kú tán, ewé-omi wẹ́wẹ́ tí ojú kò lè rí níkọ̀ọ̀kan, irú èyí tí í máa yọ̀ lára òkúta etí odò, rí àyè bí sí i, ó sì sọ omi di àwọ̀ ewé. Èyí tó wá yani lẹ́nu jù ni pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn omi náà kò kígbe. Ó ń sọ pé kilorínì wà níbẹ̀, kò sì mọ̀ pé agbára rẹ̀ ti lọ. Àwọn àgbà ní a kì í fi ojú olójú ṣòwò kí a jèrè. Nígbẹ̀yìn, wọ́n ní láti tú omi adágún kejì dànù, kí wọ́n sì fa omi tó tó lítà mílíọ̀nù 3.7 sí i láti inú adágún mìíràn tó wà nítòsí, kí ìdíje tó kù lè wáyé níbẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀kọ́ wo ni a rí kọ́? Bí ó bá ṣe ìwọ ni a fi ṣọ́ adágún ní ilé-ìwé tàbí ní òtẹ́ẹ̀lì, máa wọn kilorínì àti pH lójoojúmọ́, kí o sì tún wọ̀n ọ́n bí èrò bá pọ̀. Má ṣe po oògùn méjì pọ̀ láé. Bí kilorínì àti ásíìdì bá pàdé nínú garawa kan, èéfín Ypres tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ni yóò jáde síta. Inú omi ni kí o máa da oògùn sí, má ṣe da omi sórí oògùn. Bí o kò bá sì rí ìsàlẹ̀ adágún láti etí rẹ̀, lé gbogbo ènìyàn jáde, ìbáà ṣe ọmọ ọba ló wà nínú rẹ̀.

Bí ó bá sì ṣe ìwọ lo fẹ́ lúwẹ̀ẹ́, kọ́kọ́ fi ọṣẹ wẹ̀ kí o tó wọlé. Má ṣe tọ̀ sínú omi. Òórùn tí ń ta ni nímú ní adágún, tí ojú sì fi ń pọ́n, ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé kilorínì ló pọ̀ jù. Kì í sábà rí bẹ́ẹ̀. Kilorínì tó ti pàdé ìtọ̀ àti òógùn ní ń rùn bẹ́ẹ̀, omi tí a tọ́jú dáadáa kì í fi bẹ́ẹ̀ rùn. Bí inú bá ń ṣu ọ́, dúró sílé, nítorí kòkòrò inú rírun kan wà tó lè gbé ju ọ̀sẹ̀ kan lọ nínú omi tí kilorínì inú rẹ̀ pé.

Ìyá kan ní Liverpool ṣí ìkòkò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn aládùúgbò, kò béèrè pé ta ni ó yẹ kí ó gba omi mímọ́ àti ta ni kò yẹ. Láti ìgbà náà, ìmọ̀ ti pọ̀ sí i, ẹ̀rọ sì ti dé. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ní ojú tí ń ṣọ́ omi àti ọkàn tí ń ro ti ẹnìkejì, omi tó mọ́ lójú lè má mọ́ nínú. Nígbà mìíràn tí ẹ bá dúró létí omi kan tó ń dán gaara, kí ẹ tó bọ́ sínú rẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ alábòójútó pé: ìgbà wo ni ẹ wọ̀n ọ́n gbẹ̀yìn? Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ní bínú sí yín.

Ó dàbọ̀ o. Kí omi má tán nínú àmù yín.